Ẹ̀bẹ̀ Là Ń Bẹ Òṣìkà: Ẹ Yéé Bú Àwọn Tó Ń Tọrọ Ọ̀nà fún Oúnjẹ

Ètò kan wà tí wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ lórí rédíò nílùú Àkúrẹ́ níbí, tí àwọn èèyàn máa ń pè sí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tó ń lọ bá agbébọn jókòó kí oúnjẹ lè ráyè kọjá ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ẹnì kejì ní kí ìjọba lé wọn dànù. Ẹnì kẹta, tí ohùn rẹ̀ dún bíi ti àgbàlagbà, ní kí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà pa, kí ebi pa agbébọn àti àwọn tó ń bá wọn gbé: "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Atọ́kùn ètò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹlòmíràn pè wọlé.

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọmọ ọdún méjì tí agbébọn gba abúlé mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ìgbà wo lòun gbé ìbọn?

Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kí ó tú ìlú ṣe. Ó dúró lẹ́nu odi tòun tidà, ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà la ó bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí tó rò pé òṣìkà là ń gbé gẹ̀gẹ̀, kò gbọ́ ọ délẹ̀. Ìlú là ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. A kò sọ pé ohun tó ṣe dára, a kò sì ní kí wọ́n má pè é lẹ́jọ́ tó bá yá. Òfin wà fún un. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti fi kún Àdéhùn Geneva pé èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ará ìlú láti fi borí ogun, ọdún 2018 sì ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ìpinnu 2417. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í sí lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́rùn ló máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè má mọ̀wé kà.

Ẹni tó bá rò pé ìjókòó lásán ni iṣẹ́ yìí, kó gbọ́ bó ṣe ń lọ. Kí tírélà ọkà kan tó gbéra, wọ́n á ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, orúkọ awakọ̀, iye àpò, ọ̀nà tí yóò gbà àti ọjọ́ tí yóò gbà á, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìhà méjèèjì tó ń jà. Ọ̀gá ológun lè fọwọ́ sí i, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ní òun ò gbọ́. Òmíràn á ní dandan ni kí wọ́n bu fún òun nínú ẹrù. Òmíràn á ní òun lòun máa kọ orúkọ àwọn tó máa jẹ ẹ́, kó lè ti àwọn èèyàn tirẹ̀ síwájú. Ibẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ti ń gba ọgbọ́n. Ẹni tó lọ bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun lè gbà fún wọn, kó sì mọ èyí tí òun máa torí rẹ̀ dá ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹrù.

Ẹ wo Sudan, níbi tí ológun ìjọba tí Burhan ń darí àti RSF, ẹgbẹ́ ológun tí Hemedti ń darí, ti ń jà láti oṣù kẹrin ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìjọba ti ẹnubodè Adré pa, èyí tí oúnjẹ ń gbà láti Chad wọ Darfur, wọ́n ní ibẹ̀ ni ohun ìjà ń gbà dọ́wọ́ RSF. Ẹ̀bẹ̀ oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n ti kéde ìyàn ní Zamzam, ibùdó àwọn tó sá fún ogun ní Darfur. RSF ní tiwọn sàga ti ìlú El Fasher, ní Darfur kan náà, fún ohun tó lé ní ọdún kan, títí àwọn ará ìlú fi ń jẹ ambaz, ìyẹn pàǹtí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tó mọ kúlíkúlí, ẹ má fi wé e. Oúnjẹ ẹran ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ọkọ̀ 15 ti WFP, àjọ oúnjẹ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti ti UNICEF, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti rin nǹkan bíi 1,800 kìlómítà láti Port Sudan, àwọn tó ń jà sì mọ ibi tí wọ́n wà torí wọ́n ti fi tó wọn létí. Wọ́n dúró sí Al Koma, wọ́n ń retí kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọ El Fasher. Ibẹ̀ ni wọ́n kọlù wọ́n sí lóru. Èèyàn márùn-ún kú. Irú ọ̀dàlẹ̀ wo nìyẹn?

Ohun tó tún ká mi lára ni pé Nàìjíríà la wà tí a ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀, nílẹ̀ Oǹdó níbí, ní 1967, àwọn àgbà ṣì ń dárúkọ ìjà Ọ̀rẹ̀ di òní. Nígbà tó di 1968, gbogbo ayé ti rí fọ́tò àwọn ọmọ Biafra tó gbẹ kan egungun. Oúnjẹ wà, ọ̀nà ni kò sí. Ìjọba àpapọ̀ ní kó gba orí ilẹ̀, kí àwọn lè yẹ ẹrù wò. Ojukwu kọ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn rẹ̀ pé wọ́n á fi májèlé sí i, pé ṣọ́jà á gba ọ̀nà tí wọ́n bá ṣí wọlé tọ̀ wọ́n. Ìjọba ní kí bàálù máa fò lọ́sàn-án. Ojukwu ní òru ni. Òru náà sì ni bàálù ohun ìjà ń balẹ̀ ní pápá bàálù Uli nílẹ̀ Biafra, ibi kan náà tí bàálù oúnjẹ ń balẹ̀ sí. Wọ́n jókòó ní Niamey, wọ́n jókòó ní Addis Ababa, wọn ò rí i yanjú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, ológun òfuurufú wa já bàálù Red Cross lulẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní àwíjàre tirẹ̀. Àwọn ọmọdé ló fi ẹ̀mí dí i.

Àwọn baba wa kò ṣe báyìí ní Kírìjì. Nígbà tí ó hàn pé Ìbàdàn kò lè lé Èkìtì Parapọ̀ kúrò, tí Èkìtì Parapọ̀ náà kò lè lé Ìbàdàn, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì sáàárín wọn lọ́dún 1886. Ọ̀kan nínú wọn ni Charles Phillips, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ CMS ní Oǹdó. Ó lọ bá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó mú èsì padà, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé lọ́dún yẹn kan náà. Bó bá jẹ́ pé rédíò wà nígbà yẹn, ẹ̀yin kan ì bá pe òun náà lọ́dàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onígàrí. Nígbà kan tí ìlú méjì nítòsí wa ń jà nítorí ààlà ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gé igi dí ọ̀nà, ọjà ò ná, ilé ìwé ò ṣí. Àwọn oníbàárà Ìyá Onígàrí wà lẹ́yìn igi yẹn. Ó di gàrí sínú ọkọ̀, òun àti awakọ̀ nìkan, ó ní kí wọ́n má fi nǹkan kan bo ẹrù kí ojú lè tó o láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tó débẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi ọ̀pá irin gún àpò wò, gàrí ń ya sílẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kó o padà láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kó fi àpò méjì sílẹ̀ ló tó dìde dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá fún yín ní méjì lónìí, mẹ́rin lẹ máa gbà lọ́la, mi ò ní rí nǹkan kan gbé débẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ fi ẹnì kan tì wá lọ tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mú un." Wọ́n jẹ́ kó kọjá, wọ́n ní kó ti padà kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn ará ilé wa ló bú u. Wọ́n ní ó ń bọ́ ọ̀tá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé kóńgò gàrí kan dé ibẹ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí ni kí ẹni tó fẹ́ fi ebi ṣẹ́gun agbébọn rò dáadáa. Níbi tí ìbọn bá wà, ta ló ń kọ́kọ́ jẹun? Onítọ̀hún tó gbé e lọ́wọ́ ni. Ìgbà tí ebi bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti pa ìyá arúgbó, ó ti pa ọmọ ọwọ́, ó sì ti lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé lọ bá a nínú igbó, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkòkò ti ń hó. Ní Somalia, àwọn agbébọn al-Shabaab lé àjọ ìrànwọ́ kúrò níbi tí wọ́n gbà, àwọn tó ń fowó sílẹ̀ náà ń fà sẹ́yìn torí òfin tó ní kí owó má dé ọ̀dọ̀ afẹ̀míṣòfò. Ìyàn ọdún 2011 dé. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní nǹkan bíi 260,000 èèyàn ló kú, tí nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Al-Shabaab ṣì wà.

Wọ́n ń jí oúnjẹ náà, òótọ́ ni. Ní Yemen, WFP fúnra rẹ̀ dá apá kan ìrànwọ́ dúró ní Sanaa, olú ìlú ibẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2019 nítorí pé wọ́n ń darí oúnjẹ gba ibòmíràn lábẹ́ àwọn Houthi, ọlọ̀tẹ̀ tó gba ìlú náà. Ó padà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa forúkọ àwọn tí ebi ń pa sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì ń kọ̀.

Àwa ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2019 kan náà, wọ́n jí òṣìṣẹ́ Action Against Hunger, àjọ ìrànwọ́ tó ń gbógun ti ebi, gbé nítòsí Damasak, ní Borno. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti pa èyí tó pọ̀ nínú wọn. Láàárín kan náà, ní oṣù kẹsàn-án, ológun tiwa ti ọ́fíìsì àjọ náà àti ti Mercy Corps, àjọ ìrànwọ́ mìíràn, pa, wọ́n ní wọ́n ń bọ́ Boko Haram, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Agbébọn ń pa wọ́n, ìjọba ń tì wọ́n mọ́ta, àwa tí a jókòó ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká sì ń bú wọn.

Mo mọ ohun tó ń bí wa nínú. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn olùjọ́sìn ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 kò tíì kúrò lára ẹnikẹ́ni níbí. Inú ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ibùdó ní Borno kọ́ ló wá sí Ọ̀wọ̀. Òun náà sá fún irú wọn ni. Ẹ̀yin àgbà tó ń fi ìbínú gba ẹnu sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú, ojú ń tì mí fún yín. Irun funfun lórí yín, ẹ ń ṣépè ebi lé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin aṣòfin, tí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ oúnjẹ kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, ẹ fi àwọn tó máa kà á síbi tí wọ́n ti ń pín in, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tó ń fi fọ́tò ọkọ̀ ìrẹsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìbọn ló wà lábẹ́ àpò, ta ló tú àpò náà níṣojú yín? Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn nínú fọ́tò yẹn. Ojú awakọ̀ hàn. Ó níyàwó, ó bímọ, ó sì tún máa gba ọ̀nà yẹn padà. Agbébọn náà ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ pa fọ́tò náà rẹ́, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí pé irọ́ ni.