Ẹ Yéé Gbé Ẹ̀bi Ìjọba Kan Ru Gbogbo Ìran Júù

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ Yom Kippur tí àwọn Júù ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọkùnrin kan wa mọ́tò kọlu àwọn ènìyàn níwájú sínágọ́gù Heaton Park ní Manchester, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Àwọn tó wà nínú ilé di ilẹ̀kùn mú kó má baà wọlé. Ọkùnrin méjì ló kú. Ìbọn ọlọ́pàá tó fẹ́ dá apànìyàn náà dúró ló ba ọ̀kan nínú wọn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ yìnbọn sáàárín àwọn tó ń ṣe ọdún àwọn Júù tí wọ́n ń pè ní Hanukkah ní etíkun Bondi ní Sydney. Ènìyàn 15 ló kú. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 10 wà nínú wọn, bàbá arúgbó kan tó ti yè bọ́ lọ́wọ́ àwọn Násì nígbà èwe rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Wọn ò tí ì sin òkú tán tí àwọn kan fi ń béèrè pé, "Gásà ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn ló mú wa sọ̀rọ̀ lónìí. Àwọn tó kú ní Manchester kò jókòó sí ìgbìmọ̀ ogun Ísírẹ́lì. Ogun ń pa àwọn ará Sùdáànù láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, síbẹ̀ a kì í dá akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Sùdáànù dúró lójú pópó pé kó kọ́kọ́ bú àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ká tó bá a kẹ́dùn. Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréìn ní 2022. Bí ẹnìkan bá pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Rọ́ṣíà ní London, ta ni yóò ní ó yé òun? Júù nìkan ni wọ́n ń ní kó kọ́kọ́ ro ẹjọ́ kó tó lè sunkún òkú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Hamas, ẹgbẹ́ ológun Palẹstínì tó ń ṣàkóso Gásà nígbà náà, pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó sì kó 251 nígbèkùn. Àwọn tó ti kú ní Gásà láti ìgbà náà, nínú ogun tí Ísírẹ́lì gbé lọ síbẹ̀, ju 60,000 lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń sunkún àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọ̀tá Júù. Ẹni tó ní Netanyahu, tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà ogun náà, ṣìkà kì í ṣe ọ̀tá Júù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ísírẹ́lì ti tú síta ní Tel Aviv láti bá a wí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé, ICC, ní The Hague sì fi àṣẹ ìfàṣẹmúni síta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, orúkọ Netanyahu, ti Yoav Gallant tó ti jẹ́ mínísítà ètò ààbò rẹ̀, àti ti Mohammed Deif, ọ̀gágun Hamas, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni ni ilé ẹjọ́ pè, kò pe ìran. Ẹni tó gbé ọ̀bẹ lọ sí sínágọ́gù kò mú orúkọ ẹnì kankan lọ. Júù èyíkéyìí ti tó fún un.

Bó ṣe rí ní Kielce ní Pólàndì nìyẹn ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1946. Ogun Hitler ti parí láti ọdún tó kọjá. Nínú nǹkan bí 24,000 Júù tó ń gbé ìlú náà kí ogun tó dé, bí 200 péré ló padà wá, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú ilé kan ní òpópónà Planty. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan lọ sí abúlé láìsọ fún òbí rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní àwọn Júù ló gbé òun pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ ilé náà. Ilé náà kò ní àjà ilẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ọlọ́pàá wá, sójà wá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin náà dé pẹ̀lú kùmọ̀, wọ́n sì pa Júù 42. Àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba tó pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn ni ará àdúgbò wá pa nítorí irọ́ ọmọdé. Irọ́ náà pàápàá kì í ṣe tuntun: láti ọ̀rúndún kejìlá, ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn Júù ń jí ọmọ Kristẹni pa.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ kan ní 1921. Ìwé ayédèrú kan ti jáde ní Rọ́ṣíà ní 1903, tó ní àwọn àgbààgbà Júù ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́ láti gba àkóso ayé. Ìwé ìròyìn Times ti London tú u fó pé inú ìwé Faransé kan tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Júù ni wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Irọ́ náà kò kú. Àwọn Násì lò ó. Hamas tọ́ka sí i nínú ìwé ìlànà ẹgbẹ́ wọn ní 1988. Ọkùnrin tó pa ènìyàn 11 ní sínágọ́gù kan ní Pittsburgh ní 2018 ò fẹ́ràn Hamas rárá, síbẹ̀ ó gbà pé àwọn Júù ló ń kó àjèjì wọ Amẹ́ríkà. Lórí WhatsApp tiwa níbí, a ń rí ọmọ irọ́ kan náà: "Àwọn Júù ló ni gbogbo báǹkì ayé." Àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún ló ń fi í ránṣẹ́ sí wa.

Àwọn ìjọba náà ń lo òṣùwọ̀n méjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dìbò pé ìjà àwọn Júù láti ní ilẹ̀ tiwọn jẹ́ ẹ̀yà ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nàìjíríà wà lára àwọn 72 tó fọwọ́ sí i. Ọdún 16 kọjá kí àjọ náà tó fagi lé e. Láti 2007 ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àjọ náà ní Geneva sì ti ya ìlà 7 sọ́tọ̀ nínú ètò ìjókòó rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti ilẹ̀ Palẹstínì. Ìlà 4 ni Àríwá Kòríà, Ìráànì, Myanmar àti gbogbo ayé yòókù jọ ń pín. Ban Ki-moon tó jẹ́ akọ̀wé àgbà nígbà náà sọ ní gbangba pé kò dùn mọ́ òun nínú. Àwọn tó ń gbèjà ìlà 7 ní ọjọ́ ti pẹ́ tí Ísírẹ́lì ti wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó pẹ́ lóòótọ́, láti 1967. Túrkì ti wà ní àríwá Sípírọ́ọ̀sì láti 1974, Mòrókò sì ti wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Sàhárà láti 1975. Ìlà wo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn?

Yorùbá tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun, kó bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò léèrè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn oníṣòwò wa tó ti bímọ, tó ti kọ́lé ní Kùmásí àti Tàmálè, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Àwọn ará Gánà ní àwọn àjèjì ló ń jẹ ọrọ̀ ìlú. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan Júù gan-an nìyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Ọba Edward Kìíní tó lé gbogbo wọn ní 1290.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn oníwàásù wa. Láti 1965 ni Ìjọ Kátólíìkì ti kéde pé a kò gbọdọ̀ di ikú Jésù ru gbogbo Júù, yálà ti ìgbà náà tàbí ti ìsinsìnyí. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ẹ̀sùn náà lórí pẹpẹ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Kí àwọn àlùfáà jáwọ́ nínú rẹ̀, kí àwọn ààfáà tó ń fi Júù ṣépè lórí ìmímbà náà jáwọ́. Mùsùlùmí tí wọ́n bí sí Síríà ló gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn Bondi, ọta sì bà á.

Ní ti ìjọba Nàìjíríà, ìbò 1975 yẹn wà lọ́rùn wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlà 7 bá tún délẹ̀ ní Geneva, kí aṣojú wa dìde, kó ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì sábẹ́ ìlà 4 pẹ̀lú ti gbogbo ayé, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ níbẹ̀ láìṣojúsàájú.