Kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo

Wọ́n ń pín in kiri pé gbogbo kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas aeruginosa tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní cystic fibrosis (àrùn àbínibí tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró), bákan náà ni wọ́n rí. Pé oògùn tó bá ti pa ẹyọ kan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yóò pa ìyókù. Irọ́ ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀ ṣá o: ìran kan ló sábà máa ń wọlé, tí yóò sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àmọ́ bó ṣe ń bí sí i ni àbùdá rẹ̀ ń yí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2006, wọ́n fi kòkòrò tí wọ́n gbà lára ọmọ oṣù 6 wé èyí tí wọ́n gbà lára ọmọ yẹn kan náà ní oṣù 96. Ìyípadà 68 ni wọ́n rí nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá rẹ̀ ró.

Bí jíìnì (ẹ̀ka kan nínú DNA) tí wọ́n ń pè ní mucA bá bàjẹ́, kòkòrò á máa yọ̀ bọ̀rọ́. Bí ó bá jẹ́ jíìnì mutS ló bàjẹ́, kò ní lè tún àṣìṣe DNA rẹ̀ ṣe dáadáa mọ́, ìyípadà á wá yá kánkán. Nínú àwo àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ẹ lè rí èyí tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbẹ, kí oògùn kan náà pa ọ̀kan kó má ran èkejì. Kódà, ti apá òkè ẹ̀dọ̀fóró lè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀.

Èyí kò sọ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di aláìwúlò, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dá oògùn tí dókítà kọ fún un dúró.