Ẹsẹ̀ òpó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò
Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀ròyìn. Ẹ ní tí ọ̀dà títì orí afárá àtijọ́ bá ti là, àfi ká wó o. Rárá o, ọ̀dà kọ́ ló gbé afárá ró. Ìdí òpó ni kẹ́ ẹ lọ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí irú odò bí Ọbà wa yìí bá ti fà. Omi máa ń gbẹ́ yanrìn ìdí òpó díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí igi bá há síbẹ̀, síbẹ̀ ojú ọ̀nà á ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn tó ń wa yanrìn tà nítòsí afárá ń dá kún un, ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á.

Bí iyẹ̀pẹ̀ bá dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde, omi á wọnú kọnkéré, irin á dógùn-ún, á wú, kọnkéré á sì bó. Ẹ má kàn fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ: ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ẹ̀yìn irin, bíi mílímítà 20, kẹ́ ẹ ha irin náà mọ́ kẹ́ ẹ tó dí i.

Afárá Carter l'Ékòó tẹ́ ẹ fi ṣàpẹẹrẹ afárá àtijọ́ ńkọ́? Ti 1901 kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n tún un kọ́ láàárín àwọn ọdún 1930, wọ́n tún kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970.