Ìnàkí tó ń lu àyà kò wá ìjà

Gbogbo wa la ti rí i nínú fíìmù: ìnàkí ńlá dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó la ẹnu gbàgà, ó di ìkúùkù, ó ń fi í lu àyà gbì-gbì-gbì, ohun tó sì kù ni pé kó fa ẹnìkan ya. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bó ṣe rí nínú igbó náà nìyẹn: pé oníjà paraku ni ìnàkí, pé tó bá ti lu àyà, ìjà dé nìyẹn. Irọ́ ni. Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mú ti ìkúùkù kúrò nílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni ìnàkí fi ń lu àyà, ó máa ń ká a díẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó wà ní ọ̀fun rẹ̀ sì ń ran ìró náà lọ́wọ́ débi pé èèyàn lè gbọ́ ọ láti ibi tó ju kìlómítà kan lọ.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ìbọn lọ ni. Ní 1861, Paul du Chaillu tẹ ìwé jáde nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní Gabon, ó sì fi ìnàkí tó pàdé níbẹ̀ ṣe iwin fún àwọn ará Yúróòpù. Ìnàkí ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìyẹn. Ti orí òkè, àwọn òyìnbó kò mọ̀ ọ́n títí di oṣù kẹwàá 1902, nígbà tí ọ̀gágun ará Jámánì kan, Robert von Beringe, yìnbọn pa méjì lórí òkè Sabyinyo. Ní 1921 Carl Akeley, ará Amẹ́ríkà, tún lọ pa márùn-ún láti gbé sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. (Ohun tó rí níbẹ̀ yí Akeley lọ́kàn padà o. Ó lọ bẹ ọba Bẹ́ljíọ̀mù kó dáàbò bo ilẹ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ní 1925. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè Mikeno ni wọ́n sin ín sí.) Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń ròyìn ìnàkí fún ayé ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ìbọn sí i. Ẹ gbé ìbọn wọ ilé onílé, ẹ wá ń ròyìn pé onílé ń pariwo!

Ní 1959 ni ọ̀rọ̀ yí padà. George Schaller, onímọ̀ nípa ẹranko, lọ tẹ̀dó sí Kabara, láàárín òkè Mikeno àti Karisimbi ní Kóńgò, kò gbé ìbọn dání rárá nígbà tó bá ń wá ìnàkí lọ. Kò sì fi ara pamọ́. Ó máa ń rọra jókòó síbi tí agbo ti lè rí i kedere, kò ní lé wọn, kò ní sá. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ewé wọn lọ. Látibi ìjókòó yẹn ló ti rí i pé lílu àyà jẹ́ apá kan nínú eré gígùn kan tó ní ìpele mẹ́sàn-án. Akọ yóò kọ́kọ́ máa ké hú-hú-hú, díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà á yára sí i. Nígbà mìíràn á dúró, á já ewé kan, á fi há ẹnu. (Èmi ò tíì rí oníjà tó ń já ewé sẹ́nu kó tó jà.) Á wá dìde, á ju ewéko sókè, á lu àyà, á ta ẹsẹ̀ kan, á sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ, á máa gbá igi, á máa fà á ya, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ gbàà! Ó parí. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń pé, akọ tó ti hu ewú sẹ́yìn nìkan ló sì sábà máa ń ṣe é tán. Àmọ́ abo náà máa ń lu àyà, àní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ń lù ú níbi tó ti ń ṣeré. Ta ni ọmọ ọwọ́ fẹ́ bá jà?

Kí wá ni àyà lílù ń sọ? Ní 2021, Edward Wright àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akọ inú ọgbà Volcanoes ní Rùwáńdà. Kò sẹ́ni tó lè ní kí akọ ìnàkí wá gun òṣùwọ̀n, nítorí náà wọ́n tan iná laser méjì sí i lára, èyí tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fi àlàfo àárín àmì méjèèjì ṣírò bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n tún gba ìró àyà akọ mẹ́fà sílẹ̀. Akọ tó bá tóbi, ìró tirẹ̀ máa ń wà ní ohùn ìsàlẹ̀ ju ti akọ kékeré lọ. Iye ìgbà tó lu àyà kò fi bó ṣe tóbi tó hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni bó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀. Akọ mẹ́fà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí bá igbó náà mu. Inú ìgbẹ́ tó dí bẹ́ẹ̀, ojú kì í ríran jìnnà. Etí ni akọ kan fi ń mọ irú ẹni tó wà lódìkejì, kó lè pinnu bóyá kó sún mọ́ ọn tàbí kó yà. Ìjà tí ì bá bẹ́ sílẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ parí kí ojú méjì tó pàdé.

Nígbà míì, akọ máa ń ké, á sì sáré bọ̀ wá bá èèyàn tààrà. Ìdẹ́rùbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Á dúró lójijì tàbí kó yà gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá sá ló máa ń lé, tó sì lè bù jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn afinimọ̀nà fi ń sọ pé kéèyàn lóṣòó síbi tó wà, kó má tẹjú mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá sọ ìnàkí di ẹni mímọ́ fún mi o, nítorí àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tí baba agbo bá kú, akọ tó gba àwọn abo lè pa ọmọ tó ṣì ń mu ọmú ìyá rẹ̀, kí ìyá lè tètè tún lóyún. Ọdẹ tó yìnbọn pa baba agbo kan lè tipa bẹ́ẹ̀ pa ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí kò fojú rí. Àwọn olùṣèwádìí Karisoke, ibùdó ìwádìí ìnàkí tí Dian Fossey dá sílẹ̀ ní Rùwáńdà ní 1967, ti rí i tí odindi agbo ya bo akọ kan tó ń dá rìn, tọkọtabo, tí wọ́n lù ú, tí wọ́n bù ú jẹ. Ìjà wà. Àárín ara wọn ló pọ̀ sí, ó sì nídìí.

Tó bá jẹ́ ẹni tó ń pa ẹnìkejì là ń wá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìnàkí orí òkè tó kù ní Virunga, àwọn òkè tó wà ní ààlà Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò, kò ju nǹkan bí 250 lọ. Ìbọn, pàkúté àti igbó pípa ló fà á. Ìṣọ́ àti ìtọ́jú ló gbé iye gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn ti igbó Bwindi ní Ùgáńdà, dé 1,063 nínú kíkà tí wọ́n parí ní 2018. Àrùn wa náà ń pa wọ́n. Ní 2009, àìsàn èémí mú agbo Hirwa ní Rùwáńdà, abo àgbà kan àti ọmọ tuntun kan kú, wọ́n sì rí kòkòrò àrùn tó sábà ń ṣe ènìyàn lára wọn. Nítorí èyí, èèyàn mẹ́jọ péré ló ń bẹ agbo kan wò lóòjọ́, fún wákàtí kan, pẹ̀lú ìbòmú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ gòkè.