Ewé tó wà nílẹ̀ yẹn tó ọmọ ṣeré

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ohun tó wà nínú mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ mú ọmọbìnrin mi ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo bá tíréè ńlá kan tó kún fún ìrẹsì tí wọ́n ti pa láró, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ní àwọ̀ ìgbà ìwọ́wé ni. Àwọn ọmọ ń bù ú, wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí n tó wọ kóòtù fún ọmọ mi tán, wọ́n ti gbá a dà sínú bíìnì. Ó ká mi lára. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, orí atẹ la ti ń ṣa ìrẹsì, a ó yọ òkúta inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀, a ó ṣà á.

Mi ò bá eré náà jà o. Ọwọ́ lọmọ kékeré fi ń mọ ayé: ohun tó le, ohun tó rọ̀, ohun tó ń yọ̀, ohun tó ń gúnni. Ìrẹsì yẹn ni mi ò fara mọ́, nígbà tí nǹkan kún ìta báyìí tí ẹnikẹ́ni ò ní ká sanwó.

Ẹ ṣáà wo conker, èso igi horse chestnut tó máa ń bọ́ sílẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Èèpo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gún yí i ká. Bó bá là, inú ẹ̀ funfun, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, èso náà wá ń dán bíi pé ẹnì kan fi òróró pa á. Ọmọ mi ti àtàǹpàkò bọ inú èèpo yẹn, kò fẹ́ yọ ọ́ mọ́. Ó ní, "Mummy, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ rèé." A gbé e sójú fèrèsé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dídán ẹ̀ ti lọ, ara ẹ̀ ti ń hun jọ. Ó bi mí pé ṣé ó ti darúgbó ni.

Èso igi páìnì náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ sínú abọ́ omi, á pa ara ẹ̀ dé. Ẹ gbé e sítòsí rédíétọ̀ kó gbẹ, á tún ṣí. Torí kí kóró inú ẹ̀ má bàa bọ́ nínú òjò ló ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe é.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà wá. Òtútù, ẹrẹ̀, kóòtù tí a fowó gidi rà. Lẹ́nu géètì jẹ́lé-ó-sinmi, mo máa ń gbọ́ ọ ní èdè wa gan-an: "Jù ú nù! Ìdọ̀tí!" Ṣùgbọ́n àwa yìí la se ọbẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ nínú agolo mílíìkì, tí a já ewé ẹ̀yìnkùlé tí a pè é ní ẹ̀fọ́. Àwa la fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, tí a fi ìdérí ìgò ṣe táyà ẹ̀. Kí ló dé tó wá di ìdọ̀tí lọ́wọ́ ọmọ wa?

Deptford tó wà nítòsí Peckham, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni Margaret McMillan àti Rachel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dá jẹ́lé-ó-sinmi ìta gbangba sílẹ̀ ní 1914. Ọmọ àwọn tálákà àdúgbò ni wọ́n kó wá sínú ọgbà náà, kí wọ́n lè rí atẹ́gùn àti oòrùn. Nítorí náà, kí ẹnì kan má sọ fún mi pé eré àwọn olówó nìyí.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ máa ṣe lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá páálí ẹyin oníhò 12, ìlà 2, mẹ́fà mẹ́fà. Ṣé ẹ ti rí i? Ọpọ́n ayò ni! Èso igi óákù 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ló kun páálí náà fúnra ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, mi ò sì bá a tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Nígbà tí bàbá mi rí i lórí fóònù láti Ìbàdàn, ńṣe ni wọ́n ní kí n sún un mọ́ ojú àwọn dáadáa.

Ẹ kíyè sí èyí: májèlé ni conker tí wọ́n bá jẹ ẹ́, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú chestnut tí wọ́n máa ń yan tà. Èso óákù náà kì í ṣe jíjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ewé ńláńlá ni kí ẹ fún un, torí èso kékeré lè há a lọ́fun. Ẹ má sì ṣa èso ní Greenwich Park, wọn ò gbà á láàyè. Etí títì àdúgbò yín tó.

Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni aago máa yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á ti ṣú kí ọ̀pọ̀ wa tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ wọ bàtà òjò fún wọn lọ́la.