Àtẹ kan ṣoṣo, òru mẹ́ta

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù o. Mo ti ṣe é tán.

Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti àtẹ ìṣirò (table) kan ṣoṣo. Kì í ṣe ìṣirò ló gbà mí lásìkò. Kí n tó ṣẹ́jú, R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, ti ṣe ìyẹn parí: àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn; lábẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oko kékeré, oko alábọ́dé, oko ńlá. Ìlà mẹ́sàn-án péré. Iye àgbẹ̀ rèé, àròpín ìkórè rèé, ìdá obìnrin inú wọn rèé. Ká wá tò ó sójú ìwé kéèyàn lè rí i pé ti Ọ̀yọ́ nìyí, ti Ọ̀ṣun nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ti ya dìndìnrìn mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá aláta ẹ̀yìn ilé wa ò lo kọ̀ǹpútà rí. Láàárọ̀, á kó tàtàṣé síhìn-ín, á kó rodo sọ́hùn-ún, ti ẹgbẹ̀rún náírà lọ́tọ̀, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé èwo ni èwo. Àtẹ ni tiẹ̀ náà ń jẹ́!

R kọ́kọ́ to oko mi bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra: alábọ́dé ló ṣáájú, kékeré wá tẹ̀ lé e. Ó dáa, mo fi factor, àṣẹ tó ń sọ èyí tó máa ṣáájú, bá a wí, ó gbọ́. Mo wá gbé e lé kableExtra, àfikún R tó ń ṣe àtẹ lọ́ṣọ̀ọ́, lọ́wọ́ kó bá mi fi orúkọ ìpínlẹ̀ sórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fẹnu ara mi ka ìlà fún pack_rows, àṣẹ rẹ̀ tó ń kó ìlà sí ọ̀wọ́: Ọ̀yọ́, 1 dé 3, Ọ̀ṣun, 4 dé 6, Ògùn, 7 dé 9. Ẹ rántí ìyẹn. Nígbà tó jáde, àlàfo kan là gbàgà sáàárín Ọ̀ṣun, ó yọ oko ńlá wọn sọ́tọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́. Mo yẹ kóòdù wò títí ojú fi ń ta mí. Àṣé ìwà kable, àṣẹ R tó ń ya àtẹ, ni: tó o bá ti ní kó lo booktabs, ọ̀nà kan tí a ń gbà fa ìlà àtẹ, lẹ́yìn ìlà márùn-ún márùn-ún láá máa fi àlàfo sí i, ì báà jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta lo pín tìẹ sí. linesep = "" ni egbòogi rẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ àlàfo?

Mo tún fẹ́ kí orí òpó kọ̀ọ̀kan dúdú kirikiri. Mo kọ \textbf, àṣẹ tí LaTeX, ẹ̀rọ tó ń to ìwé di PDF, fi ń mú ọ̀rọ̀ dúdú. \textbf náà ló jáde gbalaja nínú PDF, tòun ti àkámọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi escape = FALSE sí i, kí R lè jẹ́ kí àṣẹ LaTeX kọjá bó ṣe wà, mo fi sí i. LaTeX yarí: “Misplaced \noalign”. Ìlà \midrule, àṣẹ tó ń fa ìlà sábẹ́ orí òpó, ló nàka sí. \midrule ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀! Ìlà òkè rẹ̀ ni ọ̀daràn wà, níbi tí mo ti kọ “Obìnrin (%)”. Lójú LaTeX, ohun tó bá ti wà lẹ́yìn % lórí ìlà kì í ṣe tiẹ̀ láti kà, ló bá gbé \\ tó parí ìlà náà mì pọ̀ mọ́ ọn. Bí escape bá wà, % á jókòó jẹ́ẹ́, \textbf á bàjẹ́. Bí kò bá sí, \textbf á dára, % á jẹ ìlà run. Àfi kí n fọwọ́ ara mi fi backslash ṣáájú %, nínú R ẹyọ kan ò sì tó, méjì ni.

Gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó èyí: pdfLaTeX, irú LaTeX tí mò ń lò, ní òun ò mọ Ọ̀yọ́. Ó ní kí ni U+0300. Àmì ohùn ni, bàbá! Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ò fún “ọ̀” ní ibùjókòó tiẹ̀, a máa ń gbé àmì lé “ọ” lórí ni. Lórí kọ̀ǹpútà kan tí mo yá lò, Windows pẹ̀lú R àtijọ́ tó ṣáájú 4.2 ti ọdún 2022, ohun tí mo rí ni <U+1ECC><U+0300>y<U+1ECD><U+0301>. Ẹ bá mi gbé e dé ọjà Akẹ́sán, kí ẹ bi wọ́n bóyá ìlú wọn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ “Oyo” lásán. Mi ò tíì dá a lóhùn dòní. XeLaTeX, irú LaTeX mìíràn, ló gbà mí, lẹ́yìn tí mo wá fọ́ǹtì tó mọ̀ wá rí.

Iná lọ lóru kejì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Lóru kẹta, ohun gbogbo gún régé, àtẹ wá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn ìwé ìtọ́kasí. Mo fi hold_position dè é mọ́lẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Aago méje, èsì dé: “Ó dára. Fi Èkìtì kún un, kó wà lókè pátápátá.”

Mo fi kún un pẹ̀lú oorun lójú. Mo ṣí PDF. Orúkọ Ọ̀yọ́ ti jókòó sórí àwọn àgbẹ̀ Èkìtì.