Bí àjẹsára àfàsímú bá dé Ẹ̀pẹ́, irú wo ni ká gbà?

Àwọn tó gbọ́ nípa àjẹsára àfàsímú, èyí tí èèyàn ń gbà láti imú tàbí ẹnu dípò abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń pariwo pé "kò sí abẹ́rẹ́ mọ́, wàhálà ti tán" kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní àjẹsára ló máa sọ bóyá yóò wúlò fún wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Oríṣi méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀: ọ̀kan wà tí wọ́n ń fín tàbí tí wọ́n ń kán sí ihò imú, òmíràn wà tí ẹ̀rọ ń sọ di kùrukùru tí èèyàn á fi ẹnu fà wọnú ẹ̀dọ̀fóró. (Méjèèjì kò sì bá bíbora mọ́ omi ewé dóńgóyárò tan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìyẹn lórúkọ àjẹsára.)

Ìdí tí wọ́n fi ń wá irú rẹ̀ yé mi dáadáa. Abẹ́rẹ́ apá ń dáàbò bo èèyàn kí àìsàn má le débi ikú, àmọ́ imú àti ọ̀fun ni kòkòrò kòrónà àti ti flu ń gbà wọlé, agbára abẹ́rẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Èyí tó bá gba imú wọlé lè mú kí ara pèsè èròjà agbógun-ti-àìsàn tí wọ́n ń pè ní IgA sínú ikun imú gan-an. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń kán ẹ̀kán méjì sí ọmọ lẹ́nu nítorí rọpárọsẹ̀: inú ìfun ni kòkòrò yẹn ti ń pọ̀ sí i.

Ká mú ti ẹ̀rọ. Ní September 2022, Ṣáínà fọwọ́ sí Convidecia Air, àjẹsára kòrónà tí wọ́n ń fẹnu fà, ti ilé iṣẹ́ CanSino, fún ẹni tó ti gba àjẹsára kòrónà tẹ́lẹ̀. Mílílítà 0.1 ni, ìdá kan nínú márùn-ún ti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ di kùrukùru sínú ife, èèyàn á mí tinú rẹ̀ jáde tán, á rọra fa ti ife wọlé, á sì séèémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀kán kùrukùru náà gbọ́dọ̀ wà láàárín máíkírónì 1 sí 5 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Bó bá ju 10 lọ, ọ̀fun ló máa lẹ̀ mọ́, kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti pàdánù díẹ̀ nínú ìwọ̀n tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ò sì ní mọ èló ló ṣòfò. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja nínú èéfín lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọmọdé ńkọ́, ta ni yóò ní kó séèémí? Wọ́n lè lo ìbomú fún ọmọdé o, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi kùrukùru fún àwọn ọmọ ní Íńdíà ní àjẹsára èèyi, èsì tó jáde ní 2015 fi hàn pé nínú 100, 85.4 ló ní ààbò nínú ẹ̀jẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ jẹ́ 94.6. Ẹ wá fi iná tó ń ṣe ségesège kún un.

Ti ihò imú ni mo fara mọ́ jù. FluMist, àjẹsára flu tí wọ́n ń fín sí imú, ti wà ní Amẹ́ríkà láti 2003: mílílítà 0.2 nínú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, 0.1 sí ihò kan, kí a yọ ìdènà kékeré ara rẹ̀, 0.1 yòókù sí ihò kejì. Èèyàn kò ní láti fà á símú, kó kàn máa mí bó ṣe ń mí. Bó bá sín lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fún un ní òmíràn. Bí kàtá bá dí imú pa, kó lọ padà wá. Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe fún aláboyún, ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí ọmọ ọdún 2 sí 4 tó ní ikọ́ fée. Ẹni ọdún 2 sí 49 ni wọ́n ṣe é fún.

Òun náà ní àléébù. Nígbà tí wọ́n dán àjẹsára kòrónà ti AstraZeneca wò láti imú ní Oxford, èsì tó jáde ní 2022 fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn kò dáhùn dáadáa. Àwọn olùwádìí fura pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé mì.

Ọ̀rọ̀ òtútù kò sì yí padà. FluMist ń fẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹni tó bá ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé òdìkejì ọ̀sà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí áìsì páàkì mẹ́rin inú kúlà yọ́ díẹ̀ kó tó kó wọn sí i. Bó bá mì wọ́n, kó gbọ́ omi nínú wọn. Bí mo bá láṣẹ, ti imú ni mo máa kó lọ sí abúlé. Ẹ̀rọ kùrukùru á dúró ní ọsibítù tó ní sólà, fún àgbàlagbà tó lè séèémí.